Green card kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù o: ìbéèrè yín lórí ìrìn àjò

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ìdajì ẹ̀ ló sì jẹ́ ti àwọn èèyàn wa tó ti gba green card Amẹ́ríkà tí wọ́n wá fẹ́ jáde lọ síbi kan, wọn ò mọ ibi tí ìwé yẹn lè gbé wọn dé. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé mo dáhùn ìbéèrè ẹlòmíì tó jọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ààyè ò gbà wá ni.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ọdún kẹta rèé tí mo ti gba green card. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣègbéyàwó ní Paris, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ò gba físà rí káwọn tó lọ, pé green card mi ti tó. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?

Ìdáhùn: Ọkọ yín ló jayò. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún yín ṣá, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ tiwọn, ìyẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, kì í ṣe pé wọ́n ń gbé Houston. Green card ń sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, pásípọ́ọ̀tù ló ń sọ ọmọ ibi tẹ́ ẹ jẹ́, ẹni tó bá jókòó sí ẹnubodè Faransé, ọmọ ibi tẹ́ ẹ jẹ́ ló fẹ́ mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù jọ ń lò.

Ibi tí green card ti wúlò níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní padà lọ sí Nàìjíríà kẹ́ ẹ tó gbà á. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé lábẹ́ òfin lẹ ti máa béèrè fún un, torí náà Amẹ́ríkà níbẹ̀ lẹ ti máa fi ìwé sílẹ̀ fún Faransé. Owó ẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà látọdún 2024, wọ́n sì máa béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò tí àìsàn bá ṣe yín níbẹ̀. Òfin wọn ni pé kẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, ẹ sì lè fi sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, àwọn náà máa ń lo bí ọjọ́ 15 lórí ẹ̀, ó sì lè fà dé 45. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù yẹn kò burú, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín láti wá tẹ̀ka gan-an ló máa ń ṣòro rí, torí náà ẹ má tíì sọ pé ẹ fẹ́ parí lẹ́tà yìí, ẹ lọ bá wọn gba ọjọ́ ná.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ ò béèrè. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń gba Frankfurt tàbí Paris kọjá lọ sí Lagos ni, tẹ́ ẹ ò jáde kúrò níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ òfurufú, green card tó ṣì wúlò ti tó, wọn ò ní béèrè físà ìkọjá tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni London. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó ń gbé èèyàn balẹ̀ sí Frankfurt, tó tún gbé e lọ sí Paris, kó tó wá gbé e lọ sí Lagos, torí láti Frankfurt sí Paris ẹ ti wọnú Schengen nìyẹn, físà sì ti di dandan. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá padà ní káńtà torí irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, owó ò sì padà.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ bá mi dá sí i. Detroit ni mo ń gbé, tí mo bá dúró létí odò mo ń rí Kánádà lókèèrè. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ gun mọ́tò lọ sí Toronto lópin ọ̀sẹ̀. Àwa méjèèjì ní green card, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù tèmi ti ẹ̀sípáyà látoṣù mẹ́rin. Ṣebí Kánádà ò gba físà lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, Kánádà ò gba físà lọ́wọ́ ẹni tó ní green card, àní eTA, ìyẹn àṣẹ ìwọlé tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò béèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 26 April 2022, ìwé méjì ni wọ́n fẹ́ rí lọ́wọ́ yín, pásípọ́ọ̀tù ìlú yín tó ṣì wúlò àti green card tó ṣì wúlò. Ìyàwó yín lè lọ o, ẹ̀yin ò lè lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ tún pásípọ́ọ̀tù ṣe, ẹ́ńbásì Nàìjíríà wà ní Washington, kọ́ńsúléètì sì wà ní New York àti Atlanta, ẹ mú NIN yín dání torí wọn ò ní dá yín lóhùn láìsí i. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é, ẹ kúkú gba ti ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ sinmi.

Mẹ́síkò náà ò gba físà lọ́wọ́ yín, ẹ lè lò tó ọjọ́ 180 níbẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nubodè bá fún yín tó bẹ́ẹ̀. Costa Rica, Panama àti Dominican Republic náà máa ń gba olóhun green card, oníkálùkù pẹ̀lú òfin tiẹ̀ àti iye ọjọ́ tiẹ̀, ẹ wo ojúewé ìjọba wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Puerto Rico àti US Virgin Islands, Amẹ́ríkà náà ni, ẹ ò nílò pásípọ́ọ̀tù, green card yín nìkan lẹ máa mú dání.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi ló ń dààmú wa. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, èmi ni mo gba green card fún wọn ní Maryland. Wọn ò fẹ́ràn òtútù, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, lóṣù kọkànlá-kọkànlá wọ́n á wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, wọ́n á tún padà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ pé téèyàn bá ti ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ọdún tó pé, kò séwu. Lẹ́yìn tí wọ́n dé gbẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà o. Mi ò mọ iye ìyá tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "fífẹsẹ̀ kan ilẹ̀" yìí lẹ́nu wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣojú mi. Èmi àti àǹtí mi àgbà kan la jọ wọlé lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn wọn lórí ìlà. Ọkùnrin tó wà ní káńtà ṣí pásípọ́ọ̀tù wọn, ó ń fi ìka tọ òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka oṣù jẹ́jẹ́ lábẹ́ ètè. Ó ní, "Màmá, kí lẹ wá ṣe?" Àǹtí mi rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní, "Mo wá kí àwọn ọmọ mi ni, mi ò ní pẹ́ rárá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Àlejò ló máa ń wá kí èèyàn, ẹni tó ní green card ń bọ̀ wálé ni. Ó tún béèrè pé ilé wọn dà, wọ́n ní Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe mú wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn nìyẹn, odindi wákàtí mẹ́ta. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù I-407 síwájú wọn pé kí wọ́n buwọ́ lù ú, fọ́ọ̀mù yẹn ló ń sọ pé èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ dá green card padà. Ohun tó yọ àǹtí mi ni pé wọn ò mú awò ojú wọn dání, wọ́n sì ní àwọn kì í buwọ́ lu ohun táwọn ò kà. Wọ́n padà jẹ́ kí wọ́n wọlé, pẹ̀lú ìkìlọ̀.

Nítorí náà, àkọ́kọ́, ẹ sọ fún ìyá wa pé kò sẹ́ni tó lè fipá mú wọn buwọ́ lu I-407. Tí òṣìṣẹ́ bá ní wọ́n ti pa ibùgbé wọn ní Amẹ́ríkà tì, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní adájọ́ ìmígíréṣọ̀n làwọn fẹ́ rí.

Ní ti ọjọ́, bó ṣe rí rèé. Téèyàn bá lo ju ọjọ́ 180 lọ níta lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá padà dé, òfin lè kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ àyè àtiwọlé. Tó bá ju ọdún kan lọ, green card nìkan ò tó wọlé mọ́. Àmọ́ òfin kankan ò sọ pé oṣù mọ́kànlá ò séwu! Ohun tí wọ́n ń wò ni ibi tí ilé èèyàn wà lóòótọ́, ṣé ó ń san owó orí níbẹ̀, ṣé ó ní àkáǹtì báńkì, ilé, ìnṣọ́ránsì, ṣé ibẹ̀ ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹni tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù méjìlá, òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ti rojọ́ kó tó lanu.

Tí ìdí gidi bá wà tí wọ́n fi ní láti pẹ́ ní Ìbàdàn, bóyá ìtọ́jú tàbí ilé tí wọ́n ń tà, ìwé àtipadà wọlé kan wà tó ń jẹ́ re-entry permit, fọ́ọ̀mù I-131 ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀, ó sì sábà máa ń wúlò fún ọdún méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ka níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè máa lọ, ẹ sì lè ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹ́ńbásì kí wọ́n gbà á níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti wà ní Ìbàdàn kẹ́ ẹ tó rántí o. Ìwé náà ò sì dáàbò bo ọ̀nà àtidi sítísìn: ẹni tó bá fẹ́ di sítísìn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, oṣù 30 nínú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ìrìn àjò tó bá sì pé ọdún kan máa já òǹkà yẹn.

Ẹni tó ti lo ju ọdún kan láìní permit, físà SB-1 ló kù fún un ní ẹ́ńbásì, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tó dá òun dúró ju agbára òun lọ. Kì í rọrùn.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jókòó bá ìyá sọ̀rọ̀ gidi, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá Maryland ni wọ́n fẹ́ gbé ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ló ń gba green card fún òbí tí ò béèrè ẹ̀, torí tara wọn ni, wọ́n sì ń pè é ní ìfẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kan kí wọ́n tó tún wọkọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ kíákíá ni o! Wọ́n já báàgì mi gbà ní Ọ̀jọ́ta lánàá, green card mi wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù tí mo máa wọkọ̀ padà sí Atlanta. Pásípọ́ọ̀tù mi ò sí nínú ẹ̀, ó wà nílé.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Fọ́ọ̀mù I-131A lẹ nílò, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ti san owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ rí wọn ní kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Victoria Island, kì í ṣe re-entry permit ti òkè yẹn o, ọ̀tọ̀ ni. Tí ọdún kan ò bá tíì pé tẹ́ ẹ ti kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè lẹ ìwé kékeré kan mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù yín tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa fi gbé yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lò ó. Ọjọ́ mẹ́fà yẹn lè má tó, ẹ tètè bá wọn sún tíkẹ́ẹ̀tì yẹn síwájú kí owó ẹ̀ má bàa jóná. Tẹ́ ẹ bá dé Atlanta, I-90 lẹ máa fi gba káàdì tuntun. Ẹ bá mi wá fóònù yín náà, bóyá fọ́tò káàdì yẹn wà níbẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè: Mo ní green card, mo wá sílé fún oṣù mẹ́rin, ọmọ dé kó tó tọ́jọ́. Ọmọ mi ti pé oṣù méjì báyìí. Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí n padà lọ béèrè físà fún un, pé ó lè tó ọdún méjì. Mi ò lè sùn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ọmọ tí ìyá tó ní green card bí nígbà tó lọ sílẹ̀ òkèèrè fúngbà díẹ̀ lè bá ìyá ẹ̀ wọ Amẹ́ríkà láìsí físà, tí ọmọ náà ò bá tíì pé ọdún méjì, tó sì jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá máa padà wọlé lẹ́yìn ìbímọ nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì: tẹ́ ẹ bá dá lọ lẹ́ẹ̀kan péré, àǹfààní yẹn ti bọ́. Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù fún ọmọ, ẹ mú ìwé ìbí ẹ̀ dání, kí orúkọ yín tó wà lórí ẹ̀ sì bá tinú green card mu. Àwọn ọmọ káńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú míì ò mọ òfin yìí rárá, wọ́n á ní físà ọmọ dà, torí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà, 8 CFR 211.1 ni nọ́ńbà ẹ̀, ẹ fi há inú pásípọ́ọ̀tù ọmọ, kẹ́ ẹ sì tètè dé éàpọ́ọ̀tù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.