Fótò ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé mi ń ṣe bàìbàì, ṣé kí n ra lẹ́ǹsì míì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọmọ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Àsẹ̀rọ̀ ni mò ń gbé l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mi ra Canon EOS 2000D fún mi pẹ̀lú lẹ́ǹsì 55-250mm. Ẹ̀gà kún orí igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé mi, àdàbà náà ń wá, àmọ́ gbogbo fótò tí mo bá yà ló ń ṣe bàìbàì, ẹyẹ á wá kéré bíńtín láàárín. Ṣé kí n ní kó ra lẹ́ǹsì tó gùn ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má tíì pè é o, ẹ jẹ́ kó tọ́jú owó ẹ̀. Lẹ́ǹsì yẹn tó yín lò dáadáa, ibi tẹ́ ẹ jókòó sí àti bí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó ń pa dé láti ya fótò) ṣe ń yára sí ni wàhálà.

Ẹ̀gà kì í dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ wo akọ ẹ̀ nígbà tó bá rọ̀ mọ́ abẹ́ ìtẹ́ tó hun, tó ń gbọn ìyẹ́ pìpìpì kí abo lè wá wò ó, tí ṣọ́tà bá wà ní 1/125 ìṣẹ́jú àáyá kò sí bí ìyẹ́ yẹn ò ṣe ní dàpọ̀, ọwọ́ tiwa náà sì ń gbọ̀n, súùmù ló ń sọ ọ́ di ńlá. Lórí Canon yín, 250mm lẹ́ǹsì yẹn ń ṣe bí 400mm (ìlọ́po 1.6), torí náà tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1/400, àdàbà tó bà síbì kan nìyẹn o. Fún ẹ̀gà, 1/1000 lèmi máa ń lò, tó bá ń fò mo máa gbé e sí 1/2000. IS tó wà lára lẹ́ǹsì (ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù) lè gba ọwọ́ yín dúró, kò lè gba ẹyẹ dúró. Ẹ yí bọ́tìnnì róbótó orí kámẹ́rà sí Tv, níbẹ̀ lẹ ti máa yan bí ṣọ́tà ṣe máa yára tó, ẹ fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí Auto, tó bá gòkè dé 1600 tí fótò ní hóró-hóró díẹ̀ ẹ fi í sílẹ̀ jàre, hóró ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà, ẹyẹ tó ti dàpọ̀ ò ṣeé tún ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa dá yan ibi tó máa fókọ́ọ̀sì sí, ewé tó wà níwájú ló máa mú. Àmì fókọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ló ní, ti àárín ló dáa jù, òun nìkan ni kẹ́ ẹ yàn, ẹ fi sí AI Servo kí fókọ́ọ̀sì lè máa tẹ̀ lé ẹyẹ tó bá ń rìn, ojú ẹyẹ ni kẹ́ ẹ gbé e lé. Ojú akọ ẹ̀gà pupa láàárín orí dúdú, tí ojú yẹn bá ti mú, ìrù lè ṣe bàìbàì, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Tó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń yà á, ẹ ṣí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kẹ́ ẹ sì yé yà á lọ́sàn-án, ooru tó ń gòkè látorí páànù yìí máa ń mú kí fótò rí bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú omi. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín.

Ti ẹyẹ kékeré láàárín fótò ńkọ́? Ẹ má wòkè mọ́, ikùn ẹyẹ àti ojú ọ̀run funfun lásán lẹ máa rí. Ẹ jẹ́ kó wá bá yín nílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ omi síbì kan, ẹ da ọkà bàbà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá ri ẹ̀ka gbígbẹ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orí ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bà (ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́ o, nítorí ẹ̀fọn). Kí ẹ̀ka náà jìnnà sí yín tó mítà mẹ́ta, kí fẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, á yọ́ di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ká aṣọ orí okùn kúrò. Lórí àpótí ìdáná ni kẹ́ ẹ jókòó, kí lẹ́ǹsì bá ojú ẹyẹ dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá wọlé ẹ gé fótò náà, 24 megapixel ni, tẹ́ ẹ bá gé ìdajì dànù ó ṣì pọ̀, kẹ́ ẹ ṣáà fi àyè sílẹ̀ síbi tó kọjú sí.

Tí lékelèké bá wá, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -1 lórí kámẹ́rà (exposure compensation), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ ẹ̀ á funfun pa rẹ́.