Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi: kí ni kí n máa pe ara mi?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 21 ni mí. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kàwé. Nínú ká jẹ́ ọkùnrin àti ká jẹ́ obìnrin, ohun tí gbogbo ilé mọ̀ mí sí kì í ṣe ohun tí èmi mọ ara mi sí. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi àgbà. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi." Wọ́n wá ní kí n bu omi wá fún àwọn. Ṣé wọ́n ń gbà mí ni àbí wọ́n ń lé mi? Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ni mo tiẹ̀ lè fi pe ara mi? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí àwọn èèyàn máa pè mí ní "wọ́n", bí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ kí n tó rí ohun kan nínú rẹ̀: títí o fi kọ ọ́ tán, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ilé ń pè ọ́ ni àbí obìnrin. Kì í ṣe pé o fi pamọ́. Yorùbá lo fi kọ ọ́ ni. "Ó" kan náà la ní fún bàbá, fún ìyá, fún ewúrẹ́ àti fún àga. Òun, ọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọ̀rẹ́: kò sí èyí tó bi ènìyàn léèrè bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń dípò ènìyàn kan ṣoṣo ti ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin, ni wọ́n ṣe lọ yá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lò. Tiwa kò yà wọ́n rí. Ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ ni "wọ́n" tiwa ń sọ. Bí àbúrò rẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Ìrẹ̀mọ tó ní "Wọ́n ti dé o," àwọn tó wà nínú ilé á sáré tún aṣọ ró, wọ́n á rò pé àgbàlagbà ló ń bọ̀. "Ó" tí a ti ń pè ọ́ láti kékeré kò ṣẹ̀ ọ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi ìkíni ni Yorùbá ti ń ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, èkejì kúnlẹ̀. Kí o tó la ẹnu, orúnkún rẹ ti sọ̀rọ̀. Oríkì náà ń yà wọ́n: Àjàní, Àkànní, Àlàó fún ọkùnrin; Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́ fún obìnrin. Ẹni tó ń jẹ́ Ayọ̀ tàbí Olúwaṣeun lè jẹ́ ẹ títí ayé láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n oríkì ni ìyá àgbà fi ń tu ọmọ nínú, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni yóò ti máa dùn ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ọ́ ní 1997 pé kí òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo. Mo gbà á ní ti "ó" àti "wọ́n". Orúnkún tó wà nílẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà á tán.

Ó yá, òwe bàbá àgbà. Odi ni ògiri tí wọ́n mọ yí ìlú ká láyé àtijọ́, Ifẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá odi ti kúrò láàrin àwọn tó mọ ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Ohun tó bá pe ara rẹ̀ ni wọ́n á pè é. Wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí ta ẹni tó ti Èkó dé pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ìyẹn wà nínú rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Òwe mìíràn sì wà tó kọjú sí i: "Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Mo rò pé àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà. Ilé ló ni àbísọ. Àlàjẹ́ àti ìnagijẹ, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló ni ín, Yorùbá kò sì fi orúkọ mọ sí ẹyọ kan rí. Wo ọ̀rọ̀ náà, "jẹ́". A ní "Kí lo ń jẹ́?" A tún ní "Wọ́n pè é, kò jẹ́." Ìdáhùn ló ń sọ ìpè di orúkọ. Ẹnìkan á pè, ẹnìkan á jẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ariwo lásán ni.

Ọmọ ọdún 7 ni mí nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó wọ agboolé wa ní Ìlódè. Ó bá mi nílé, kò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ. Ó wò mí fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń run pákò lẹ́bàá kànga, mo rẹ́rìn-ín sí i, ó gbé garawa omi rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀: "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ kú òwúrọ̀." Mo jẹ́ ẹ. Títí dòní ohun tó ń pè mí nìyẹn. Obìnrin ni mí, ọkọ rẹ̀ ni mí, kò sì sẹ́ni tó dàrú mọ́ lójú, torí "ọmọ ilé yìí" ni "ọkọ" yẹn ń sọ.

Má sáré fi irú èyí ṣe ẹ̀rí o. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó dirun, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó òrìṣà, ṣì jẹ́ bàbá fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé obìnrin ni Ọ̀ọ̀ni Lúwo, oyè kò tìtorí rẹ̀ yí orúkọ padà. Ipò ni ìwọ̀nyí ń sọ. Ìwọ, ara rẹ lò ń sọ.

Nítorí náà, sọ ọ́ gbangba. Bó bá jẹ́ obìnrin lo mọ ara rẹ sí, "obìnrin ni mí" ti tó; bó bá jẹ́ ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ náà. Bí kò bá sí èyí tó bá ọ mu, "Èmi kì í ṣe ọkùnrin, èmi kì í ṣe obìnrin, ọmọ yín ni mí" yé ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ifẹ̀. Má pe ara rẹ ní akọ tàbí abo, ẹran là ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. "Ṣakọṣabo" ń tọ́ka sí ara tí a bí pẹ̀lú méjèèjì, ìyẹn kọ́ lo kọ sí mi. "Obìnrin bí ọkùnrin" ń yin akíkanjú. Bí wọ́n bá yí i padà sí "ọkùnrin bí obìnrin", èébú ni. Fún àwọn àbúrò rẹ, yọ "bùrọ̀dá" àti "àǹtí" kúrò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yá wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi" ti wà ṣáájú wọn.

Wo ẹni tí wàá sọ ọ́ fún. Òfin 2014 tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì léèwọ̀ kò dárúkọ irú ọ̀rọ̀ tìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà ní kí o bu omi wá. Àgbàlagbà kì í gba omi mu lọ́wọ́ ẹni tó ń lé. Padà lọ jókòó tì wọ́n. Bí oríkì rẹ bá ń gún ọ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi oríkì orílẹ̀ yín kì ọ́; tọkùnrin tobìnrin ilé yín ló ni ín. Kí o wá bi wọ́n pé, "Bàbá, nínú odi ńkọ́? Kí lẹ ó máa pè mí?"