Abíyá 36.9, ẹnu 37.5: èwo la máa kọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà níléèwé nọ́ọ̀sì. Mo ki tẹmómítà sí abíyá aláìsàn kan, mo bá 36.9, ẹnìkejì mi ki í sí i lẹ́nu, ó bá 37.5. Ta ló ṣì í nínú wa? Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n jágbe mọ́ mi ní wọ́ọ̀dù torí mo fẹ́ fi omi yìnyín nu ọmọ tí ibà ń ṣe. Ṣebí tútù ló ń lé gbígbóná lọ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kò sẹ́ni tó ṣì í. Awọ ara níta lásán ni abíyá, abẹ́ ahọ́n ló súnmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ látinú, torí ẹ̀ ni abíyá ṣe máa ń fi bí ìdajì digirí kéré sí ẹnu. Kọ 36.9, kó o kọ "abíyá" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, má fi ìdajì kankan kún un fúnra ẹ o, torí tí ẹni tó gba iṣẹ́ alẹ́ bá wọn ẹnu tí kò mọ̀ pé abíyá nìwọ wọ̀n, á ní ibà ti ń gorí. Kó o sì nu òógùn abíyá kúrò kó tó di pé o wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì tàbí omi tútù, jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 ná.

Ti yìnyín yẹn, òótọ́ ni pé tútù ń fa ooru kúrò lára ohun tó bá kàn, àmọ́ èèyàn kì í ṣe ìgò kóòkì. Tí ibà bá dé, ọpọlọ fúnra ẹ̀ ló ti sún nọ́ńbà ìgbóná ara tó fẹ́ sókè, ká ní 39. Bí yìnyín bá ti kan awọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké abẹ́ ẹ̀ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sá wọnú, ooru ò ní rọ́nà jáde, ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn gan-an sì ń dá ooru tuntun sílẹ̀! Awọ á tutù lọ́wọ́ ẹ, inú á máa gbóná sí i.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sàn díẹ̀, torí bó ṣe ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ, ṣùgbọ́n kò kan nọ́ńbà inú ọpọlọ, paracetamol ló ń já ìyẹn wálẹ̀. Kódà ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ìlú Ọba, ò fara mọ́ fífi omi nu ọmọ nítorí ibà mọ́.

Ẹni tí oòrùn pa títí tó dákú yàtọ̀ o, ọpọlọ tiẹ̀ ò sún nọ́ńbà kankan, ooru ló borí ara. Òun ni kó o da omi tútù sí lára kíákíá, kó o tan fáànù sí i, yìnyín gan-an ò burú níbẹ̀.