Kí ni ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí yóò kọ sínú CV?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n parí ẹ̀kọ́ mi ní yunifásítì, ṣùgbọ́n gbogbo ìpolówó iṣẹ́ tí mo ń rí ló ń béèrè ìrírí, bẹ́ẹ̀ ni n kò gba owó oṣù rí. Kí ni kí n kọ sínú CV mi?

Ìdáhùn: Ìrírí kò mọ sí iṣẹ́ olówó oṣù nìkan. Bí o bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí, má kàn kọ "akápò" kí o sì dákẹ́. Kọ ọ́ pé o gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ 120, pé o ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àti pé o ń jábọ̀ fún ìpàdé lóṣooṣù, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí irọ́ inú CV kì í pẹ́ tú nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ náà wúlò, pàápàá bí ó bá bá iṣẹ́ tí ò ń wá mu.

Ojú-ìwé kan ti tó fún CV rẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni pé kí wọ́n tún un tò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: fa ìlà sábẹ́ ohun tí ìpolówó náà tẹnu mọ́, kí o sì gbé èyí tí o lè ṣe nínú wọn sókè. Kọ lẹ́tà ṣókí sí àwọn tó jáde ní ẹ̀ka rẹ ṣáájú rẹ pẹ̀lú, kí o bi wọ́n bí wọ́n ṣe ríṣẹ́, dípò kí o máa tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì ní kí o kọ́kọ́ sanwó kó tó gbà ọ́ síṣẹ́, oníjìbìtì ni.