Kẹ̀kẹ́ oníná l'Ábùjá: bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀gá mi, ẹ ní Kubwa lẹ ń gbé, Wuse niṣẹ́ yín, owó ọkọ̀ ti fẹ́ jẹ owó oṣù yín tán, ẹnì kan sì fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ oníná àlòkù fún yín, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń fi bátìrì rìn. Ẹ tún ní ó ṣeé ṣe kí ẹ kó wá sí Gwarinpa kí ọdún tó parí. Tó bá jẹ́ láti Kubwa ni, ẹ má rà á. Tí ẹ bá ti kó dé Gwarinpa, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ń gun tèmi lọ sí Utako láti ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn 2023.

Ti Kubwa ò gba àlàyé púpọ̀. Títì márosẹ̀ yẹn ò láyè fún kẹ̀kẹ́, àwọn tó ń wa mọ́tò níbẹ̀ ò sì retí yín. Mo dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan tí títì dá. Ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀ títí dòní. Inú Gwarinpa, gba Life Camp bọ́ sí Jabi, ìyẹn ṣeé gùn tí ẹ bá tètè jáde láàárọ̀.

Ẹ wá gbọ́ o: bátìrì lẹ fẹ́ rà. Irin, táyà àti búréèkì, mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí lè tún wọn ṣe. Bátìrì tuntun lè tó ìdajì owó gbogbo kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń tà á máa sọ fún yín pé ó ń rin 60 kìlómítà. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, kí ẹ fi volt rẹ̀ sọ ampere-hour rẹ̀ di púpọ̀. 36 lọ́nà 10, 360 watt-hour nìyẹn, ìyẹn iye iná tí bátìrì náà lè gbà. Tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́, bíi 10 sí 12 ló máa ń jẹ ní kìlómítà kan. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan lẹ fi ń fún un níná bíi ọ̀kadà, ó lè jẹ 20, tó bá sì di òkè bíi ti Katampe tàbí Mpape, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pín 360 sí 20 kí ẹ rí i: kìlómítà 18 péré. Tèmi jẹ́ 48 lọ́nà 13, ó sì tó mi lọ tó mi bọ̀ láìsí ìpayà.

Tí bátìrì inú ẹ̀ bá jẹ́ irú ti mọ́tò, ìyẹn olómi ásíìdì, ẹ fi sílẹ̀. Ó wúwo bí òkúta, kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.

Owó iná ò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n gbé iye iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó ń rí iná jù, dé 225 náírà fún kilowatt-hour (1,000 watt-hour) kan ní oṣù Kẹrin 2024, gbogbo ènìyàn ń pariwo, àmọ́ láti kún bátìrì tèmi kò ju bíi 160 náírà lọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àkókò. Ṣájà tó ń gbé ampere 2 máa ń gba bíi wákàtí 7, bí wọ́n bá sì mú iná lọ láàárín òru, ẹ máa fẹsẹ̀ wà á láàárọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé inverter kékeré gbé e dáadáa. Ẹ rí i dájú pé bátìrì náà ṣeé yọ, pàápàá tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ máa gbé. Ẹ má gbé e fún mẹ́gáàdì pé kó bá yín fi síná.

Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Ti 36 volt máa ń parí sí 42, ti 48 sábà máa ń parí sí 54.6, ẹni tó bá fi ṣájà 48 sí bátìrì 36 ń wá ìjàm̀bá iná sínú ilé ara rẹ̀. Oòrùn oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ńkọ́? Ó ń pa bátìrì. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fi síná. Bí mo bá ń lọ sílé fún Iléyá, tí mi ò ní lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, iná tó bíi ìdajì ni mo máa ń fi sílẹ̀ sínú bátìrì.

Ti òjò: ẹ má wọ àgbàrá.

Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni táyà ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àárín táyà yẹn ni ẹ́ńjìnnì wà, wáyà sì ti ibẹ̀ jáde. Fọkanáísà kan ní Jabi fa wáyà náà tuu kí n tó lahùn. Látìgbà náà, sípánà 18 wà nínú báàgì mi, mo sì máa ń ní kí wọ́n fa tíúbù síta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láì tú táyà kúrò.

Kó ní pẹ́dàlì o. Èyí tí ò ní pẹ́dàlì, ọ̀kadà ló jọ lójú agbófinró, wọ́n sì ti fòfin de ọ̀kadà láàárín ìlú láti 2006.

Ti àlòkù tí wọ́n ń tà fún yín yìí, ẹ ní kí wọ́n kún un, kí ẹ fi ọwọ́ nìkan gùn ún láì fẹsẹ̀ kàn án títí iná fi máa tán, kí ẹ fi fóònù wọn kìlómítà rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí nìyẹn lẹ máa fi dúnàádúrà. Tí kìlómítà náà bá kéré gan-an, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó pè é.