Béèsì tí okùn rẹ̀ ń lu irin nígbà ọyẹ́: má jẹ́ kí wọ́n fi fáìlì kàn án

Àbúrò wa tí ó kọ̀wé láti Òmù-Àrán, o kú ìbéèrè. O ní béèsì olókùn mẹ́rin tí o rà ní tòkunbọ̀ dára ní gbogbo ìgbà òjò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni okùn rẹ̀ ti ń lu irin ojú ọrùn rẹ̀, pàápàá ní apá tí ó sún mọ́ orí gìtá. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá okùn tuntun ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà, tàbí kí o gbé e wá bá oníṣẹ́ gìtá kan tí wọ́n júwe fún ọ ní Ìlọrin. Ìdáhùn mi ni pé kí o má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí a kò bá lè dá padà, má jẹ́ kí wọ́n ṣe é sí béèsì náà títí òjò yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ yìí ná mi ní owó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gìtá tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ mi, nítorí náà, jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Igi ni ọrùn béèsì, bí wọ́n tilẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Igi a máa mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, omi náà a sì máa fi í sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí gígùn wọn láti nut (ibi tí okùn jókòó lé níbi orí gìtá) dé saddle (irin kékeré tí okùn jókòó lé ní ara gìtá) sábà máa ń jẹ́ íńṣì 34, tí a sì fà le dé ohùn E, A, D àti G, ń fa ọrùn náà pẹ̀lú agbára tí ó ju ìwọ̀n 70 kìlógíráàmù lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ki ọ̀pá irin tí à ń pè ní truss rod sínú rẹ̀, kí ó máa fà á padà sẹ́yìn bí okùn ti ń fà á wá síwájú. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ igi náà, lọ́pọ̀ ìgbà, apá ẹ̀yìn ni yóò borí: ọrùn a na gbọnrangandan, tàbí kí ó tilẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, okùn a sì wá sún mọ́ àwọn fret ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọrùn, débi pé yóò máa lù wọ́n. Bí o ti ṣàpèjúwe rẹ̀, ohun tí ń ṣe tìrẹ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé láti fret kejìlá lọ sí apá ara gìtá ni ariwo náà wà, saddle ni ǹ bá ní kí o kọ́kọ́ wò. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni, a jẹ́ pé fret kan ni ó yọrí ju àwọn yòókù lọ.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí pé ọyẹ́ ni, fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn náà kọjá láti orí dé ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí etí àwọn fret máa họ ọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò họ ọ́ ní oṣù kẹjọ. Irin kò gùn sí i; igi ni ó sún kì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan ni wọ́n júwe fún èmi náà ní Ìlọrin. Ẹnu àwọn olórin ìjọ wa kò lórí rẹ̀ pé òun ni ó mọ iṣẹ́ gìtá jù. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ àdúgbò rẹ̀. Àárín ọyẹ́ ni, ohun tí ó sì ń ṣe béèsì mi kò yàtọ̀ sí èyí tí ń ṣe tìrẹ. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò gbé gìtá náà sókè kí ó fi ojú kan wo bí ọrùn rẹ̀ ṣe tẹ̀, kò fi tuner, ẹ̀rọ tí ń fi hàn bóyá ohùn tọ́, wo ohùn okùn kankan, kò sì bi mí léèrè ìgbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sínú agolo mílíìkì kan tí ó kó ìṣó àti nọ́ọ̀tì sí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ Allen (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) kan tí kò tilẹ̀ bá ojú truss rod náà, ìyẹn ibi tí a ti ń yí i, mu, ó sì fi tipátipá yí i sí ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tún ni ó ń mú irin náà le sí i! Ọrùn tí ó ti tẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni ó tún ń fà sẹ́yìn. Ariwo náà pọ̀ sí i lójú wa, ó sì tún yí i. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe òdìkejì ni ó yẹ kí ó yí i sí, ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ohun tí ń jẹ́ gìtá. Igi inú ọrùn náà dún pẹ́kẹ́, gbogbo wa tí a wà ní ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbé àwọn saddle sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé títẹ okùn E dé ilẹ̀ gan-an di ìjàkadì. Nígbà tí mo ní n kò lè fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ ta orin wákàtí méjì, ó ní a jẹ́ pé àwọn fret ni kò dọ́gba, pé kí n fi gìtá náà sílẹ̀. Ó fi fáìlì ha èyí tí ó wà láàárín, láti ìkarùn-ún títí dé ìkejìlá, nítorí pé ibẹ̀ ni ó yọ sókè jù lára ọrùn tí òun fúnra rẹ̀ ti fà tẹ̀. Kò sí ohun tí ń ṣe àwọn fret wọ̀nyẹn rárá. Ọrùn ni ó wọ́, ó wá gé àwọn irin láti bá wíwọ́ ọrùn mu. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ béèrè, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Béèsì àyálò ni mo fi ta gbogbo orin ìdúpẹ́ ọdún náà, inú mi kò sì dùn sí i títí di òní.

Òjò dé, igi mu omi, okùn sì fa ọrùn náà wá síwájú bí ó ti máa ń rí. Ibi tí ìyà náà ti wá pọ̀ jù nìyí, nítorí pé àwọn fret àárín ti kéré jù báyìí. Bí mo bá tẹ fret kẹsàn-án, okùn yóò máa lu ìkẹtàlá àti ìkẹrìnlá tí kò fọwọ́ kàn. Lọ́dún tí ó ṣáájú, ọyẹ́ nìkan ni béèsì yìí fi ń pariwo. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó di tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà, ó ní pickup, ìyẹn ohun tí ń gbé ohùn okùn lọ sínú wáyà, ni ó bàjẹ́, ó sì fẹ́ kí n ra òmíràn. Ariwo tí etí ń gbọ́ ketekete nígbà tí a kò tilẹ̀ so wáyà mọ́ gìtá náà, ọ̀nà wo ni pickup fi kan ọ̀rọ̀ náà? Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í fẹ́ sọ pé àwọn kò mọ nǹkan kan, olówó gìtá ni yóò sì ru ẹrù àìmọ̀ wọn. Bàbá àgbà kan ní Ọ̀fà, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta béèsì nínú ẹgbẹ́ jùjú, ni ó padà bá mi yọ gbogbo fret náà, tí ó tún ojú ọrùn ṣe, tí ó sì tẹ òmíràn sí i. Ó kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ títí ọrùn náà fi fara balẹ̀ nínú òjò. Iye tí iṣẹ́ náà gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra gìtá.

Ohun tí ó yẹ kí ìwọ ṣe kò le. Mú ohùn okùn tọ́, wá ojú truss rod, wo ọrùn náà, kí o sì tú irin náà díẹ̀. Láti wò ó, fi ìka kan tẹ okùn E mọ́ fret àkọ́kọ́, kí o fi òmíràn tẹ ẹ́ mọ́ fret tí ó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara, kí o wá wo àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti fret keje. Ó yẹ kí àlàfo náà tó bí 0.3 mìlímítà, ìyẹn kí káàdì pélébé kan lè rọra gbà á kọjá. Bí okùn bá ti lẹ̀ mọ́ fret keje pátápátá, yí truss rod sí òsì, kí ó má sì ju ìdá mẹ́rin yíyípo kan lọ. Tún mú ohùn rẹ̀ tọ́, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tó tún un wò. Bí ojú irin náà bá le tí kò fẹ́ yí, fi í sílẹ̀. Rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ rẹ bá a mu rẹ́gí, nítorí èyí tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n àti èyí tí wọ́n fi íńṣì wọ̀n lè jọra lójú, kí èyí tí kò bá a mu sì jẹ ojú irin náà run. Lára ọ̀pọ̀ gìtá, abẹ́ ìdérí kékeré orí gìtá ni ojú náà wà. Ṣùgbọ́n lára Precision Bass àtijọ́, tí ilé-iṣẹ́ Fender kọ́kọ́ mú jáde ní ọdún 1951, àti àwọn tí wọ́n ṣe jọ ọ́, ìdí ọrùn ni ó wà, wàá sì ní láti tú ìdè ọrùn kí o tó lè dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà, jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ọ nípa jẹnẹrétọ̀. Bí o bá ń ta béèsì níbi ìsìn ìta gbangba, tí ọwọ́ rẹ wà lára okùn, tí ètè rẹ sì kan gbohùngbohùn, tí o wá rí i pé iná ń ta ọ́ ní ètè, dá orin dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé kí o wọ bàtà rọ́bà kí o máa bá orin lọ. Má dá wọn lóhùn. Iná ibẹ̀ kò ní wáyà ilẹ̀, irú iná bẹ́ẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì amp rẹ (ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá jáde) nítorí pé ó fẹ́ kí ariwo kíkùn dákẹ́. Bí béèsì rẹ bá jẹ́ irú èyí tí ń lo bátìrì 9 fóltì, yọ wáyà kúrò lára rẹ̀ tí o bá ti ta á tán, nítorí pé bí wáyà bá ti wà nínú rẹ̀ ni bátìrì yóò máa jó lọ. Má sì gbé e sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án láti Òmù-Àrán gba Ajàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin. Ooru búùtù burú fún igi àti àtè ju ọyẹ́ lọ. Inú àpò rẹ̀ ni kí ó máa wà nílé, pẹ̀lú fóòmù kékeré tí a fi omi rin, tí a fún dáadáa, tí a sì fi sínú abọ́ ọṣẹ oníhò tí ó ní ìdérí, kí omi má baà kan igi.

Okùn tuntun tí o béèrè kò ní mú ariwo yìí lọ, ṣùgbọ́n bí èyí tí ó wà níbẹ̀ bá ti pẹ́, o lè pààrọ̀ rẹ̀. Ra ìwọ̀n kan náà tí ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí o sì máa pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan nínú ọyẹ́ yìí, kò sí ohun tí yóò máa fa ọrùn wá síwájú mọ́, truss rod nìkan ni yóò sì máa fà á sẹ́yìn. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, tún wo àlàfo fret keje náà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, dá iye tí o yí lónìí padà sí ọ̀tún. Kọ ọ́ sílẹ̀ sínú àpò gìtá náà kí o má baà gbàgbé, kí o sì jẹ́ kí n mọ ibi tí ojú truss rod tìrẹ wà kí o tó fọwọ́ kàn án.