Ẹ Bi Wá: Ìrìn Difẹ́ńdà Láti Ikọ̀ Dé Ikọ̀

Ìbéèrè (láti Ìbàdàn): Ẹ̀yin olóòtú, Taye Taiwo gbá bọ́ọ̀lù fún Marseille àti AC Milan, àfi bí a ṣe gbọ́ pé ó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Finland. Ṣé kì í ṣe pé ó ti já wálẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Láti Lobi Stars ló ti lọ sí Marseille lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2005. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Netherlands, Messi gba bọ́ọ̀lù wúrà (àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù), Mikel gba ti fàdákà, Taiwo gba ti idẹ. Ó gba líìgì Faransé ní 2010. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ parí ní 2011, Milan mú un láìsan kọ́bọ̀ fún Marseille. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yá a fún QPR ní England. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Dynamo Kyiv, Bursaspor, HJK Helsinki, Lausanne, Eskilstuna ní Sweden àti RoPS ní Rovaniemi.

Kì í ṣe pé Finland àti Sweden kàn ṣàdédé wọ inú ìrìn rẹ̀. Nǹkan bí oṣù kẹrin ni líìgì wọn ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní parí títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Difẹ́ńdà tí kò ríṣẹ́ lóṣù kìn-ín-ní ṣì lè rí ikọ̀ tó ń wá èèyàn níbẹ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Helsinki sàn ju ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì ní Milan lọ, lójú tiwa.

Ìbéèrè (ìyá agbábọ́ọ̀lù kan, Abẹ́òkúta): Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ mi, àárín ẹ̀yìn ló ń gbá. Ẹ́jẹ́ńtì kan ti mú ìwé wá láti òkè òkun. Kí la máa wò ká tó tọwọ́ bọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ kọ́kọ́ wo iye ọdún. FIFA kò gbà kó ju 5 lọ, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ẹ wá wá gbólóhùn tó sọ pé ikọ̀ nìkan ló lè fi ọdún kún un. Bí ọmọ bá ṣe dáadáa, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ lówó táṣẹ́rẹ́. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á ní kó máa lọ. Ẹ ní kí owó oṣù gòkè tí wọ́n bá fẹ́ fi ọdún kún un.

Ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé owó yìí ti yọ owó orí kúrò àbí kò tíì yọ ọ́? Owó ìlú wo ni? Ọjọ́ wo lóṣù? Ta ló ń san owó ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹ má ka bónọ́ọ̀sì mọ́ owó oṣù; ọmọ tí kò bá wọ pápá kò ní rí i.

Bí ìwé náà bá sọ pé àdéhùn kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tó bá yege àyẹ̀wò dókítà tàbí rí ìwé àṣẹ iṣẹ́, òfin FIFA kò gbà á. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ná, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ yẹ orúkọ ẹ́jẹ́ńtì náà wò lórí ìkànnì FIFA. Ẹ kọ̀wé sí ikọ̀ náà fúnra yín, ní àdírẹ́sì tó wà lórí ìkànnì tiwọn, kì í ṣe èyí tó wà lórí lẹ́tà ẹ́jẹ́ńtì. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ ní kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Oṣù méjì rèé tí ikọ̀ mi ò sanwó. Ṣé mo lè lọ?

Ìdáhùn: Kò tíì yá. Ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán láti san gbèsè náà. Bí wọn ò bá san án, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn pa ìgbaradì tì kó tó kọ̀wé: wọ́n á ní ó sá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ máa lọ sí pápá lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú sítétímẹ́ǹtì báńkì yín.

Ìbéèrè: Iṣan ẹ̀yìn itan mi ń já ní sáà méjì léraléra.

Ìdáhùn: Kí iṣan náà lè lágbára, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú, kẹ́ ẹ rọra máa tẹ̀ síwájú láìṣẹ́ ìbàdí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbà 3 sí 5, kẹ́ ẹ tó gùn ún dé 7 sí 10. Bí ẹ bá já lulẹ̀ gbì, kò ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, torí ẹsẹ̀ á máa ro yín.